Ẹja Awakọ̀ àti Wáífáì Ìyàwó Rẹ̀

Àárín ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ti máa ń já Ògbufọ̀ sílẹ̀. Tí kò bá já a sílẹ̀ nígbà tí dókítà ń béèrè ibi tó ń dun èèyàn, á já a sílẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti fèsì.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwọn dókítà àti àwọn aláìsàn tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Kì í lọ sí ọsibítù. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé rẹ̀ ló ń jókòó sí, ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn kí wọ́n tó dàgbà tí kálukú wọn bá tirẹ̀ lọ. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ki ohun ìgbọ́ràn bọ etí, àwọn ọsibítù yóò sì máa pè é lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Iṣẹ́ àṣírí ni. Ohun tí aláìsàn bá sọ, etí kẹta kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Èyí tó dùn ún jù ni ti ìyá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Dókítà sọ̀rọ̀ tán, inú Ògbufọ̀ sì dùn sí ohun tí dókítà sọ débi pé ó ń kánjú láti sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ yìí, wọ́n ní..." Ibẹ̀ ni Wáífáì já. Ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni "ó ti kúrò ńlẹ̀." Ìgbà tí yóò fi padà wọlé, ìyá arúgbó ti ń sunkún, dókítà rọra ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn, kò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ògbufọ̀ bẹ̀ wọ́n títí, ó parí ọ̀rọ̀ náà, màmá sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ṣùgbọ́n Ògbufọ̀ kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Iṣẹ́ yín mọ́, ẹnu yín sì tutù sí aláìsàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ yín bá ń já báyìí, ẹlòmíì la máa máa gbé ìpè yín fún."

Ògbufọ̀ kò mọ ohun tí òun fi ṣe Wáífáì. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó pe àwọn tó ń ta ìntánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ní kó lọ yọ wáyà àpótí Wáífáì tó wà ní pálọ̀, kó ní sùúrù díẹ̀, kó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́, ó kì í. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè, ẹlòmíràn gbé e, òun náà ní kó yọ ọ́ kó tún un kì. Ògbufọ̀ ní, "Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé yíyọ àti kíkì ń wo àìsàn ni, èmi náà ì bá ti di dókítà."

Ó gbé tábìlì sún mọ́ fèrèsé, ó gbé e sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí àwọn ìwé, ó gbé e lé itan. Ó kù díẹ̀ kó gbé e pọ̀n. Ìgbà mìíràn Wáífáì á dúró dáadáa láti àárọ̀, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ibi tó bá ti ní kí òun mí báyìí, á já.

Ọkọ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Awakọ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ náà. Rélùwéè ló ti ń wakọ̀ látìgbà èwe rẹ̀, kò sí ibùdó kan lójú irin tí kò mọ̀ bí ẹní mowó. Èèyàn tó máa ń sọ̀rọ̀ ni. Bó bá tibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, ẹni tó wà nínú ilé á ti mọ ẹni tó sùn kọjá ibùdó rẹ̀ àti ẹni tó gbé àgùntàn wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹ̀gbẹ́. Iwájú gan-an ṣì ń ríran, ọ̀tún àti òsì ló ń lọ. A kì í fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wa ọkọ̀ tó kún fún èèyàn. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní aago ńlá kan tí wọ́n ń fi kọ́ sára ògiri, wọ́n ní kó lọ sinmi.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á jókòó ní pálọ̀ láti òwúrọ̀, ọwọ́ lórí eékún, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tí kò ní í dé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé tíì wá, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní í bojú wò ó. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà á ta gìrì, á ní "Kò sí nǹkan kan," á sì tún máa wo ọ̀kánkán. Ògbufọ̀ á gbé ife sílẹ̀, á padà sí yàrá rẹ̀. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bóyá òun ti sú u ni. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dé ibi tó ń lọ, kò rí bí òun ṣe máa gbé tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ tó wà nínú ilé kan náà.

Lọ́jọ́ kan Awakọ̀ jáde, ó sì dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbé táǹkì onígíláàsì kan, táǹkì ẹja, tó gùn tó àga ìjókòó wọn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ló fẹ́ kógbá sílé tí wọ́n fi tà á lọ́pọ̀. Ó gbé e sí ara ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ẹ̀yìn, nítorí oòrùn kì í débẹ̀. Ògbufọ̀ fẹ́ sọ pé ẹja tí a ò ní í jẹ, kí la fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n ó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe kúnlẹ̀, tó ń ṣan òkúta wẹ́wẹ́ nínú omi, tó ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ẹja ni Awakọ̀ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ògiri náà kò nípọn. Láàárín ìpè kan sí òmíràn, Ògbufọ̀ á yọ ohun ìgbọ́ràn kúrò létí kan, á sì máa gbọ́ ọ. Ó ti fún gbogbo wọn ní orúkọ. Ọ̀kan tó sanra ń jẹ́ Ọ̀gá Ibùdó. Èyí tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn koríko ń jẹ́ Sá-fún-Tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tí oúnjẹ máa ń tán kó tó dé ń jẹ́ Pẹ́lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn fẹ́ẹ́ pa dé," ni yóò máa wí tó bá fẹ́ bu oúnjẹ sí wọn. "Pẹ́lẹ́yìn, ìwọ nìkan la tún ń dúró dè!" Ní ọjọ́ kan ó ní, "Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ìyàwó mi lánàá, ẹja òkun nìkan ló lè gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹja odò, ẹ ò lè yè é."

Ògbufọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ìpè tó kàn fi wọlé. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ irú ohùn yẹn. Kò sì wá sí i lọ́kàn rárá pé ìgbà tí táǹkì dé ni Wáífáì bẹ̀rẹ̀ ìyọnu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fẹ́ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ògbufọ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Adúmáradán. Àbúrò ọkọ rẹ̀ lobìnrin ni èyí. Ògbufọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wọlé ọkọ, nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó dúdú tó sì ń dán. Títún kọ̀ǹpútà ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí wáyà kún bí irun tí kò rí òòyà. Ó gba kọ̀ǹpútà náà, ó fi sórí tábìlì, ó sì ń lò ó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó wa, kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni."

Ògbufọ̀ ní, "Ọkọ mi, ẹ má dá a lóhùn. Àìsàn ọmọdé ló ń ṣe é. Nílé lara rẹ̀ ń gbóná, tó bá ti rí dókítà, eré ló ń ṣe."

"Tó bá jẹ́ nílé ló ti ń ṣàìsàn, ilé la máa ti wò ó."

Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, lọ́sàn-án. Awakọ̀ kí àbúrò rẹ̀, ó fi Ọ̀gá Ibùdó àti àwọn èrò rẹ̀ hàn án, ó sì ní òun fẹ́ lọ ra oúnjẹ ẹja kí ṣọ́ọ̀bù tó tì. Ó gbé fìlà, ó lọ.

Adúmáradán jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà ní yàrá ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi rí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ó ní, "Ẹ wo ibí. Kọ̀ǹpútà yìí ń ṣún bátìrì lò. Tí ẹ bá ti dákẹ́ díẹ̀, ó máa ń pa Wáífáì, á sùn lọ."

"Èmi tí mo ni ín, mi ò rójú sùn lọ́sàn-án, òun ń sùn?"

"Mo ti jí i. Kò ní í sùn mọ́." Ó pa ètò náà, ó tún fi sọ́fítíwíà tuntun rọ́pò èyí tó ń darí Wáífáì nínú rẹ̀. Nǹkan dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe ara wọn láti fi dán an wò, àwòrán gan pa, ohùn ń já bí okùn tó ti gbó.

Ni Adúmáradán bá dìde. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ń wo àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi agbára Wáífáì hàn, ó sì ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ní pálọ̀, níwájú táǹkì, ìlà pé. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri kan náà, ìlà ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ó padà sí pálọ̀. Ó tún wọ yàrá. Ògbufọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó yá, Adúmáradán dúró gbagidi síwájú táǹkì, ó wo àpótí Wáífáì tó wà lórí pẹpẹ lọ́wọ́ òsì, ó wo ògiri, ó wo àwọn ẹja.

"Ìyàwó wa, omi ni."

"Omi ti wọ kọ̀ǹpútà mi?"

"Rárá. Omi táǹkì. Wáífáì lè gba ara ògiri kọjá bí ohùn èèyàn ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá bá omi pàdé, omi á gbé e mì. Iye omi tó wà nínú nǹkan yìí, tó sì wà gan-an lójú ọ̀nà... Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ yín, èérún lásán ni."

Ògbufọ̀ jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀.

Adúmáradán ní, "Kò le. Tí bọ̀ọ̀dá mi bá dé, ká sọ fún wọn kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀."

"Ẹ má sọ fún wọn."

"Kí ló dé?"

"Ẹja kan kú lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, bọ̀ọ̀dá yín ò jẹun fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ fẹ́ ká da omi yẹn nù, ká máa gbé wọn sọ́tùn-ún sósì? Ibo la fẹ́ gbé e sí tí oòrùn ò ní í sè wọ́n?" Ó fi ìka tọ́ ìgbátí táǹkì. "Ẹ ò mọ bí ilé yìí ṣe rí kí àwọn nǹkan wọ̀nyí tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi."

Adúmáradán gbà. Ó ní tí Ògbufọ̀ ò bá lè jókòó ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ nítorí àṣírí àwọn aláìsàn, a jẹ́ pé wáyà gígùn ni òun máa fà láti ibi àpótí Wáífáì wọ yàrá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ lu ògiri, onílé sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Wọ́n fi síbẹ̀. Awakọ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀rá oúnjẹ ẹja lọ́wọ́, àwọn obìnrin méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí ọjọ́ ṣe gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, ìpè bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀ ló kan Ògbufọ̀. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe lọ ni gbogbo rẹ̀ gan. Bàbá náà ń wo inú ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Ògbufọ̀ gbàgbé ara rẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀!" Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti fi ògbufọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kò sì mọ bóyá ọmọ náà yè títí di òní.

Ògiri tó ń jẹ́ kó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, òun náà ló jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́ igbe rẹ̀. Awakọ̀ gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Kí lo rí nínú kọ̀ǹpútà ìyàwó mi?" Adúmáradán gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ó lè purọ́ fún ọlọ́pàá, kò lè purọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jẹ́wọ́.

Nígbà tí Ògbufọ̀ parí iṣẹ́ tó jáde sí pálọ̀, ilẹ̀ tutù. Awakọ̀ ti ká apá aṣọ dé èjìká, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi táǹkì sínú garawa. Àwọn ẹja ti wà nínú báàfù, wọ́n ń yí po bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

"Baálé mi, kí lẹ ń ṣe?"

Ọkùnrin náà ta gìrì, omi abọ́ dà sí i lára. Ó yíjú. "O mọ̀. O mọ̀, o ò sì sọ fún mi."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé ìyẹn ni ìbéèrè? O fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ nítorí ẹja?"

"Kì í ṣe nítorí ẹja."

"Nítorí kí ni?"

Ògbufọ̀ sún mọ́ ọn. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Mo máa ń gbọ́ ohùn yín lára ògiri. Nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀, ó kéré tán mò ń gbọ́ èyí tí ẹ ń bá wọn sọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ẹ bá gbé wọn kúrò níbẹ̀, ẹ máa tún dákẹ́."

Awakọ̀ dúró, omi ń kán láti ìgúnpá rẹ̀.

"O ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ?"

"Gbogbo rẹ̀. Títí kan ti iyọ̀."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ẹ́ bojú jẹ́, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara ògiri mú. Ìyàwó rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Awakọ̀ jókòó sórí apá àga.

Ó ní, "Ta ló ní mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Tí mo bá gbé tíì wá, tí mo dúró tì yín, ṣé ẹ máa ń wò mí ni?"

"Ìhà ibo lo máa ń dúró sí?"

Ògbufọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà kíṣìnì wà lápá ọ̀tún àga ọkọ rẹ̀. Ọ̀tún ló máa ń gbà wá nígbà gbogbo.

Awakọ̀ ní, "Mi ò rí ẹ. Ohùn kan á ṣáà dún lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkàn mi á fò. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ pé ó ti burú tó báyẹn, ni mo ṣe ń ní kò sí nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí fèrèsé níwájú ojú rẹ̀. "Ibi tó ṣẹ́ kù fún mi nìyí. Àwọn ẹja yìí, iwájú mi ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ sí, mò ń rí wọn. Mo kàn ń bá ohun tí mo rí sọ̀rọ̀ ni."

Ìyàwó rẹ̀ fa àpótí ìjókòó kékeré wá, ó gbé e síwájú rẹ̀ gan-an, ó jókòó débi pé orúnkún wọn kan ara wọn.

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Mo rí ẹ," ni Awakọ̀ wí. "Irun rẹ ti funfun níwájú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Adúmáradán dé pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tó ń fa omi, kò sì pẹ́ tó fi mọ̀ pé wọn ò bínú sí òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti táǹkì náà díẹ̀ díẹ̀ lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì, wọ́n yí àga Awakọ̀ kọjú sí i, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé kí oòrùn má bàa ráyè, wọ́n dá omi padà sínú rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ẹja wọlé. Gbogbo wọn lúwẹ̀ẹ́ lọ, àfi Pẹ́lẹ́yìn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awakọ̀ fà á lé ọwọ́ nínú omi, ó ń tì í síwá sẹ́yìn kí omi lè gba ihò ẹ̀gbẹ́ orí tó fi ń mí kọjá. Adúmáradán tó ti fẹ́ máa lọ jókòó padà. Ó pẹ́ kí ẹja náà tó yí ara rẹ̀ dúró, kó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, kó sì kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Ìwọ nìkan náà la tún dúró dè," ni Ògbufọ̀ wí.

Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà kò já. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò já. Obìnrin olóyún kan pè tí ẹ̀rù oyún àkọ́kọ́ ń bà, Ògbufọ̀ sì gbé gbogbo ìbéèrè rẹ̀ fún dókítà, ó gbé gbogbo ìdáhùn dókítà fún un, kò sí èyí tó dà nù lójú ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ti gbádùn. Ó dá a lóhùn pé ara gbogbo ilé ló ti yá.

Ó kàn jẹ́ pé ara ògiri náà ti dákẹ́. Ibi tí táǹkì wà báyìí jìnnà, kò lè gbọ́ Ọ̀gá Ibùdó àti àwọn èrò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ìpè ìkẹyìn bá ti parí, á yọ ohun ìgbọ́ràn, á ṣílẹ̀kùn, á gba iwájú tábìlì yí wá sí ọ̀kánkán àga ọkọ rẹ̀, á sì fa àpótí ìjókòó.

"Báwo ni iṣẹ́?"

"Ó lọ. Mi ò lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èmi lè sọ tèmi," ni Awakọ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Sá-fún-Tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde láti ẹ̀yìn koríko láàárọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí ọkùnrin kan tó gbé àgùntàn wọ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà kan rí, àti ohun tí àgùntàn náà jẹ lára fìlà aláṣẹ ibùdó. Ògbufọ̀ ti gbọ́ ìtàn náà rí, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tó gbé kaná gbẹ títí ìdí rẹ̀ fi jó. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú ìkòkò, níwájú ara wọn.